Ó Pe Àbíkẹ́yìn, Gbogbo Ilé Ló Jáde

Ní ilé-iṣẹ́ omi ìlú, Màmá Òǹkà ni gbogbo èèyàn ń pè é. Orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́ ti pẹ́ tó ti di ti inú ìwé ẹ̀rí, àfi bí nọ́ọ̀sì bá pè é nílé ìwòsàn ló máa ń rántí pé òun ṣì ń jẹ́ ẹ. Obìnrin kúkúrú ni, ó sanra níwọ̀n, ó so okùn mọ́ awò ojú rẹ̀ kó lè máa fi í kọ́ ọrùn, síbẹ̀ kò sí ọjọ́ tí kì í wá a kiri. Yàrá iṣẹ́ rẹ̀ wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àwọn táǹkì ńlá tí omi ìlú ń gbé. Tábìlì méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan jẹ́ ti kọ̀ǹpútà, èkejì sì kún fún àwọn gééjì tó ti kú, tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó dànù. Ó ní wọ́n ti ṣiṣẹ́ sin ìlú, ààtàn kọ́ ló yẹ wọ́n.

Ohun tó ń ṣe kò ṣòro láti ṣàlàyé. Lára páìpù ńlá tó wọ àdúgbò kọ̀ọ̀kan, gééjì kan wà tó ń sọ bí agbára omi ṣe tó. Bí omi bá lágbára, ẹni tó ń gbé lókè téńté á ṣí ẹ̀rọ, omi á dà ṣàà. Bí kò bá lágbára, ẹ̀rọ á kàn máa wúkọ́ bí arúgbó ni. Gbogbo ohun tí àwọn gééjì bá sọ ló ń wọlé sínú kọ̀ǹpútà Màmá Òǹkà. Òun ló ń ṣírò rẹ̀, òun ló ń mọ ibi tó ti ń rẹ omi, òun náà ló sì ń sọ fún àwọn oníṣẹ́ páìpù pé ibi báyìí ni kí wọ́n gbé ṣọ́bìrì lọ. Kò tíì rán wọn níṣẹ́ òfo rí.

Kọ̀ǹpútà kì í gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán, èèyàn ní láti kọ ohun tó fẹ́ kó ṣe sílẹ̀ ní èdè tó yé e. Èyí tí Màmá Òǹkà ń kọ láti ọdún gbọọrọ ni èdè kan tí òun àti ejò òjòlá jọ ń jẹ́ orúkọ kan náà. Ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́ awakọ̀, tí àdúgbò ń pè ní Tíṣà Ọkọ̀, máa ń sọ pé ìyàwó òun nìkan ni òun mọ̀ tó ń jókòó ti òjòlá láti àárọ̀ dalẹ́ tí kò sì bù ú jẹ.

Nínú èdè òjòlá yìí, òdo ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka nǹkan. Ẹni àkọ́kọ́ lórí ìlà ni òdo, èkejì ni oókan, ẹ̀kẹta ni eéjì. Ohun téèyàn bá sì ṣe pẹ́ á wọ inú ẹ̀jẹ̀. Màmá Òǹkà bí ọmọ mẹ́ta, ṣùgbọ́n bí oúnjẹ bá délẹ̀, ohun tó máa ń ké láti ilé ìdáná ni, “Òdo! Oókan! Eéjì! Ẹ wá jẹun o!” Òdo, tó jẹ́ àkọ́bí, ti di lọ́yà báyìí, ó ti lọ́kọ, ó ti bímọ, síbẹ̀ bó bá wá kí wọn, Òdo náà ni. Oókan, tí gbogbo ayé mọ̀ sí ọmọ kejì, máa ń jẹ̀gbádùn rẹ̀: òun ni kìíní láìjẹ́ àkọ́bí.

Yàtọ̀ sí èyí, Màmá Òǹkà kì í kánjú. Bí ohun tí àwọn gééjì sọ bá kún ojú kọ̀ǹpútà bámúbámú, á kọ ọ́ pé kí ẹ̀rọ mú ti àkọ́kọ́, kó ṣírò rẹ̀, kó gbé e sílẹ̀, kó mú èyí tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí yóò fi kan òpin. Lúùpù làwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń pe irú àkàtúnkà bẹ́ẹ̀. Lúùpù Màmá Òǹkà lókìkí. Àwọn kan wà nínú wọn tí lúùpù wà nínú wọn, tí òmíràn tún wà nínú ìyẹn, bí ìyá tó pọn ọmọ tí ọmọ náà sì pọn ọmọlangidi.

Ayé ń lọ wẹ́rẹ́ títí ọ̀gá ẹ̀ka wọn fi fẹ̀yìn tì. Ẹni tí wọ́n gbé dé ipò rẹ̀ ni ọmọbìnrin kan tí Màmá Òǹkà mọ̀ bí ẹní mowó, nítorí òun gan-an ló kọ́ ọ níṣẹ́. Ẹ̀gbẹ́ tábìlì gééjì yẹn ló jókòó sí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́, kó tó lọ kàwé kún ìwé, kó tó wá padà dé bí ọ̀gá. Lọ́jọ́ tó dé gan-an làwọn òṣìṣẹ́ ti sọ ọ́ ní Ọ̀gá Kékeré. Kò sì tíì gbé báàgì kalẹ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀ tó fi gun òkè lọ sí yàrá Màmá Òǹkà, tó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà, ọ̀gá mi.”

“Ta ni ọ̀gá rẹ? Dìde jàre, kí wọ́n má lọ rò pé èmi ni mo gbà ọ́ síṣẹ́.”

Ọ̀gá Kékeré dìde, ó gbọn eruku orúnkún. “Mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan mà.”

“Bí ọmọ ni àbí bí ọ̀gá?”

“Bí ọmọ ni mà.”

“Tó bá jẹ́ bí ọmọ, mo lè ní mi ò ṣe.”

Ọ̀gá Kékeré rò ó díẹ̀. “Ẹ jẹ́ kí n kúkú bẹ̀ yín bí ọ̀gá mà.”

Ó wá ṣàlàyé. Àwọn tó ń bójú tó ìlera ìlú àti àwọn tó ń ṣọ́ odò, èdè kan tó ń jẹ́ R ni gbogbo wọn fi ń ṣe ìṣirò tiwọn. Bí ilé-iṣẹ́ omi bá fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn, wọn kì í lè kà á, wọ́n á tún un ṣe látìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á sì tún ṣì í ṣe. Nítorí náà gbogbo ẹ̀ka máa kó lọ sínú R kí òjò tó bẹ̀rẹ̀.

“R kí ni?” ni Màmá Òǹkà bi í.

“R náà nìyẹn mà. Orúkọ rẹ̀ nìyẹn.”

“Lẹ́tà kan péré? Ṣé wọn ò dúró parí ìsọmọlórúkọ rẹ̀ ni?”

Ó ní òun gbọ́. Ó sì gbọ́ lóòótọ́, nítorí kì í ṣe ọ̀lẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe agídí. Lọ́jọ́ kejì ló ti ṣí èdè náà, tó so awò ojú mọ́ imú, tó bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ló wá rí i pé kíkọ́ ohun tuntun kò le tó kí ọwọ́ gbàgbé ti àtijọ́.

Ọfà ló kọ́kọ́ bá a jà. Nínú èdè òjòlá, béèyàn bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà fi orúkọ kan pa nǹkan mọ́, àmì dọ́gba ló máa lò. R náà ń gba àmì dọ́gba, ṣùgbọ́n àwọn tó gbọ́ R dénú fẹ́ràn kí wọ́n fi ọfà kékeré kan tọ́ka láti ara nǹkan náà sí orúkọ tó máa jẹ́, Ọ̀gá Kékeré sì ti ní ọfà ni gbogbo ẹ̀ka máa lò. “Mi ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá,” ni Màmá Òǹkà ń kùn, “ọfà kí ni mò ń ta láti àárọ̀?” Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí Tíṣà Ọkọ̀ fi gba ìwé ohun tó máa rà bọ̀, tó sì rí i pé ìyàwó òun ti fi ọfà sáàárín “ọṣẹ” àti “méjì.” Ó yí ìwé náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó wo ibi tí ọfà kọjú sí, ó sì lọ ra ọṣẹ ní ọ̀nà ibẹ̀.

Lẹ́yìn ọfà ló kan òdo. Lọ́dọ̀ R, oókan ni wọ́n ti ń kà, bí gbogbo ọmọ èèyàn ṣe ń kà. Màmá Òǹkà mọ̀ bẹ́ẹ̀ lórí, ṣùgbọ́n ìka ọwọ́ rẹ̀ kò tíì gbọ́. Ó ní kí R fún òun ní èyí tó wà ní ipò òdo. R kò bú u, kò pariwo pé àṣìṣe ni, ó kàn na ọwọ́ òfìfo sí i. Ó tún béèrè. Ọwọ́ òfìfo. Ó pe Ọ̀gá Kékeré.

“Ṣé ó ń gbọ́ mi ṣá?”

“Ó ń gbọ́ yín mà. Ẹ ní kó pe Òdo fún yín. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú ilé yẹn.”

“Òun ni àkọ́bí mi!” ni Màmá Òǹkà wí, bí ẹni tí wọ́n kọ̀ láti gba ọmọ rẹ̀ sílé ìwé.

Ọ̀rọ̀ lúùpù ló wá le jù. Ọ̀gá Kékeré bá a níbi tó ti ń kọ lúùpù ní èdè R, tó ti ọ̀kan bọ inú òmíràn, ìlà gígùn gbọọrọ.

“Màmá, R ò nílò gbogbo eléyìí mà. Orúkọ gbogbo wọn lápapọ̀ ni kẹ́ ẹ kọ, kẹ́ ẹ ní kó pín wọn sí méjì. Gbogbo wọn á pín lẹ́ẹ̀kan náà.”

“Lẹ́ẹ̀kan náà? Láìmú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe tọ́ ọ nìyẹn? Ẹni tó kí agbo èèyàn pọ̀ kò tíì kí ẹnì kankan. Nígbà tí mo délé ọkọ, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni mo kúnlẹ̀ kí wọn, títí kan èyí tó ń sùn.”

Ọ̀gá Kékeré fa àga, ó jókòó. “Bí ẹ bá wọ yàrá ìpàdé mà, tẹ́ ẹ bá èèyàn pitimu níjòókòó, kí lẹ máa sọ?”

“Màá ní, ẹ kú ìjókòó o.”

“Ẹ̀ẹ̀melòó mà?”

“Ẹ̀ẹ̀kan ni.”

“Ta ló máa dáhùn?”

Màmá Òǹkà yọ awò ojú, ó nù ún, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. “Gbogbo wọn ni,” ló wí nígbà tó yá.

“Ẹ kú ìjókòó ni kẹ́ ẹ máa kí R mà.”

Ó pa lúùpù náà rẹ́, tìyanutìyanu, ó kọ ìlà kúkúrú kan dípò rẹ̀, ó tẹ bọ́tìnnì. Kí ó tó ṣẹ́jú, gbogbo ìwọ̀n tó wà lójú kọ̀ǹpútà ti yí padà láti òkè délẹ̀. Ó tẹjú mọ́ wọn. “Wọ́n mà dáhùn o,” ló sọ, ohùn rẹ̀ sì rẹlẹ̀ bí ti ẹni tó wà nílé ìjọsìn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, gééjì àdúgbò etí odò kan bẹ̀rẹ̀ sí í dákẹ́. Bí gééjì bá dákẹ́, R á kọ NA síbẹ̀, ìyẹn ni pé, a ò mọ̀. Màmá Òǹkà ní kí R ro gbogbo ìwọ̀n pọ̀, kó sì pín in, kóun lè mọ àròpín gbogbo ìlú. R dáhùn: NA. Ó yí ojú sí Ọ̀gá Kékeré. “Ẹnì kan ṣoṣo ló ní òun ò mọ̀, ni gbogbo ìlú bá ní àwọn ò mọ̀! Ṣé ọlọ́pàá ló wá bi wọ́n ni?” Ọ̀gá Kékeré rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fi bó ṣe lè ní kí R yọ àwọn tí a ò mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan hàn án.

Bí nǹkan ṣe ń dojú rú níbi iṣẹ́ ni Tíṣà Ọkọ̀ ń fi ìyàwó rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ nílé. “Àgbàlagbà ń kọ́ láti ka oókan, eéjì,” á sọ bẹ́ẹ̀, á sì fi ọwọ́ gbá itan. Ọlọ́run kì í jẹ́ kí ẹlẹ́rìn-ín pẹ́ lórí àga. Ilé ẹ̀kọ́ ìwakọ̀ wọn ra ọkọ̀ tuntun tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì, tó ń yí jíà fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní kí Tíṣà kọ́kọ́ fi ara mọ́ ọn. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ó fi í gbé ìyàwó rẹ̀ jáde, ọwọ́ kan lórí ìdarí, ọwọ́ kan lójú fèrèsé, bí ọba. Wọ́n dé oríta, ó fẹ́ yí jíà, ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ gbéra láìgba àṣẹ, ó wá kílọ́ọ̀ṣì lọ, kò bá a, ó sì fi gbogbo agbára ọgbọ̀n ọdún tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbì. Díẹ̀ ló kù kí awò ojú Màmá Òǹkà fò gba gíláàsì iwájú jáde.

“Kílọ́ọ̀ṣì dà?” ni Tíṣà Ọkọ̀ ń bi ilẹ̀ ọkọ̀.

“Ó wà lọ́dọ̀ Òdo,” ni ìyàwó rẹ̀ dá a lóhùn. “Bó o bá rí àwọn méjèèjì, kí wọn fún mi.”

Láti ọjọ́ náà ni Tíṣà ti ń bọ́ bàtà ẹsẹ̀ òsì kó tó wakọ̀, kí ẹsẹ̀ náà lè máa rántí pé kò níṣẹ́. Ìyàwó rẹ̀ náà lẹ bébà mọ́ etí kọ̀ǹpútà: BẸ̀RẸ̀ LÁTI OÓKAN. Kò sẹ́ni tó tún fi ẹnì kejì ṣe yẹ̀yẹ́ nílé yẹn fún ìgbà díẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ Màmá Òǹkà bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. Ó ti ń fi ẹ kú ìjókòó kí gbogbo nǹkan. Ọ̀gá Kékeré wá gbé iṣẹ́ gidi fún un: kó kọ ètò kan ní R tí yóò máa to gbogbo àdúgbò láti ibi tí omi ti lágbára jù dé ibi tí kò ti lágbára rárá, tí yóò sì fi orúkọ èyí tó gbẹ̀yìn ránṣẹ́ sórí fóònù Fóòmaànù, olórí àwọn oníṣẹ́ páìpù, ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kọ̀ọ̀kan. Àdúgbò mọ́kànlá ló wà nílùú. Ẹyọ kan ṣoṣo, èyí tí ìyà ń jẹ jù, ni kí wọ́n máa lọ tún ṣe.

Màmá Òǹkà fi ìdùnnú kọ ọ́. Ó dé ibi tó ti fẹ́ mú èyí tó gbẹ̀yìn. Nínú èdè òjòlá, ọ̀nà ẹ̀bùrú kan wà: béèyàn bá kọ oókan, tó fi àmì àyọkúrò síwájú rẹ̀, ẹ̀rọ á ka nǹkan láti ìdí wá, á sì mú èyí tó kẹ́yìn pátápátá fún un. Ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí orí tó gbọ́. Kò sì fi ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láìdán an wò. Ó fi àdúgbò méjì péré dán an wò, èyí tó lágbára níwájú, èyí tí kò lágbára lẹ́yìn. R dá èyí tó wà lẹ́yìn padà fún un. “Ọmọ dáadáa,” ló sọ fún un. Ó fi ètò náà ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Kékeré kó yẹ̀ ẹ́ wò, nítorí òfin ẹ̀ka ni pé kò sí ètò tó gbọ́dọ̀ jáde láìjẹ́ pé ojú kejì rí i. Ìdáhùn dé wéré: “Ó dára púpọ̀ mà.” Ó ti ilẹ̀kùn, ó lọ sílé.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, kò tíì jókòó dáadáa tí fóònù fi dún. Fóòmaànù ni, ọkùnrin tí ohùn rẹ̀ lè gba inú páìpù dé òdìkejì ìlú.

“Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o! Ṣé kò sí o? Ṣé ogun ló dé ni?”

“Ogun wo?”

“Àdúgbò mẹ́wàá lẹ fi ránṣẹ́! Ọkọ̀ méjì péré ni mo ní. Mo ti kó àwọn kan wọ bọ́ọ̀sì èrò. Ọ̀kan gun kẹ̀kẹ́ lọ, ṣọ́bìrì wà léjìká rẹ̀. Akọ̀wé wa náà ti wọ bàtà rọ́bà, mo ti rán an lọ sí òpópónà ilé ìfìwéránṣẹ́. Èmi alára ni mo ń wa kòtò níbí!”

“Kí ló dé tí o ò kọ́kọ́ pè mí?”

“Kí n pè yín kẹ̀? Ìgbà wo lẹ ti ṣì wá rán rí?”

Gbólóhùn yẹn wọ̀ ọ́ lára ju èébú lọ. Ó ní kí Fóòmaànù pe àwọn èèyàn rẹ̀ padà, ó sì yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó kọ orúkọ mẹ́ta síbẹ̀, Òdo, Oókan, Eéjì. Ó fi àmì àyọkúrò síwájú oókan, ó béèrè. R kó Oókan àti Eéjì wá fún un. Kò sí Òdo níbẹ̀.

Ìgbà náà ló yé e. Lọ́dọ̀ R, àyọkúrò oókan kì í ṣe “mú èyí tó kẹ́yìn wá.” Ohun tó túmọ̀ sí ni “yọ ti àkọ́kọ́ kúrò, kó gbogbo ìyókù wá.” Ó pe àbíkẹ́yìn, R lé àkọ́bí síta, ó sì kó gbogbo àbúrò rẹ̀ jáde. Bí wọ́n bá jẹ́ méjì péré nílé, ẹni tó kù lẹ́yìn àkọ́bí náà ni àbíkẹ́yìn. Ìdí nìyẹn tí ìdánwò rẹ̀ fi yọrí sí rere.

Ó sọ̀ kalẹ̀ lọ bá Ọ̀gá Kékeré, kò dúró wá awò ojú. Ó ṣàlàyé láìfi ohunkóhun pamọ́. Ọ̀gá Kékeré gbé ọwọ́ bo ẹnu.

“Kí là ń pe àmì yẹn mà?” ló bi í níkẹyìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

“Àyọkúrò.”

“Ó yọ ọ́ kúrò mà.”

Màmá Òǹkà kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà kàn já mọ́ ọn lọ́wọ́ ni. Ṣùgbọ́n ó tún ojú ṣe. “Ó dáa. Ìwọ ńkọ́? Ṣé o kà á kó tó jáde?”

Ọ̀gá Kékeré wo orí tábìlì. “Mo ṣí i mà. Mo rí orúkọ yín lókè rẹ̀. Mo pa á dé.”

“Kí ló dé?”

“Ta ni mo jẹ́ mà? Ẹ̀yin lẹ di ọwọ́ mi mú tí mo fi kọ ìlà àkọ́kọ́ láyé mi. Ṣé èmi náà ni màá wá máa fi ìka tọ́ka sí iṣẹ́ yín pé, níbí, níbí?”

Níta, ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti ń padà wọ ọgbà. Màmá Òǹkà fa àga, ó jókòó, ohùn rẹ̀ sì yí padà sí èyí tó máa ń lò nígbà tí ọmọ yìí ń kọ́ṣẹ́.

“Gbọ́ mi. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀. Èmi ni mo ṣì í kọ, ẹ̀ṣẹ̀ mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ tó o fi wọ̀ mí ló jẹ́ kí Akọ̀wé máa wa kòtò láàárọ̀ yìí. Láti òní lọ, bó o bá rí orúkọ mi lókè ètò, ṣe bí ẹni pé orúkọ ẹni tí o ò mọ̀ rí ni. Kà á tìkà-tìkà.”

Ọ̀gá Kékeré ní òun gbọ́. Kí wọ́n tó dìde, ọ̀gá àgbà pátápátá pè lórí fóònù. Ó ní kí ló ń ṣẹlẹ̀, àwọn aráàlú kò jẹ́ kí òun gbádùn láti àárọ̀, wọ́n ń pè láti dúpẹ́. Ìyá àgbà kan ní òun ti ń retí àwọn oníṣẹ́ omi láti ìgbà tí òun ti ń pọn ọmọ, àwọn ọmọ náà sì ti ń pọn ọmọ tiwọn. Onílé kan ṣoṣo ló bínú, ó ní omi òun ń yọ dáadáa, kí ni wọ́n fẹ́ wá bàjẹ́. Ọ̀gá Kékeré gbé ojú sókè wo Màmá Òǹkà, ó sì sọ òótọ́: “Àṣìṣe ni sà.” “Ẹ má tún ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́,” ni ọ̀gá àgbà wí. Nígbà tó yá ó ní, “Ẹ kú iṣẹ́ ṣá.”

Báyìí ni Ọ̀gá Kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ iṣẹ́ Màmá Òǹkà wò lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ilé kì í fi èèyàn sílẹ̀ bọ̀rọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà kúkúrú kan, ó kọ ọ́ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má bínú, mo mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ṣe é báyìí, ó lè jẹ́ àìmọ̀kan tèmi ni, bí kò bá ní ni yín lára, ṣé kò ní dáa kẹ́ ẹ fi oókan kún nọ́ńbà yìí? Ẹ ṣeun púpọ̀ mà, ẹ kú làálàá.” Màmá Òǹkà kà á tán, ó sì kọ èsì: “Ẹ̀bẹ̀ rẹ gùn ju ètò mi lọ. Gé e kúrú.” Ọjọ́ kejì ó gùn díẹ̀ sí i, nítorí Ọ̀gá Kékeré ti kọ́kọ́ bẹ̀bẹ̀ fún gígùn ti àná.

Màmá Òǹkà náà sì ni ojú kejì fún iṣẹ́ Ọ̀gá Kékeré. Ní ọjọ́ kan Ọ̀gá Kékeré ṣe àkọsílẹ̀ kan tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn elétò ìlera, ó fi hàn pé omi etí odò ti ń dára sí i. Màmá Òǹkà rí i pé ó ti yọ gbogbo ibi tí gééjì ti dákẹ́ kúrò. Ó gun òkè lọ, ó gbé òkú gééjì kan sọ̀ kalẹ̀ láti orí tábìlì rẹ̀, ó gbé e síwájú ọ̀gá rẹ̀.

“Ìwọ̀nyí kì í dákẹ́ lásán. Bí omi bá rẹlẹ̀ jù, wọn kì í lè kà á mọ́, wọ́n á dákẹ́. Àwọn tó ní àwọn ò mọ̀ yìí, àwọn gan-an ni òùngbẹ ń gbẹ jù. O lé wọn síta, ló bá dà bí ẹni pé ara dẹ gbogbo ilé.”

Ọ̀gá Kékeré wo gééjì, ó wo iṣẹ́ rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. “Ọpẹ́lọpẹ́ yín mà.” Ó pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́, ó sì tún un kọ, wọ́n jọ jókòó tì í ni.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, R ti mọ́ Màmá Òǹkà lára débi pé nígbà tó ṣí iṣẹ́ àtijọ́ kan ní èdè òjòlá, ó béèrè ti oókan, èkejì ló sì rí. Ó fi ọfà sí i, ẹ̀rọ ní ọfà kí ni. Ó ké sí Fóòmaànù tó ń kọjá lọ pé òun ti di ẹni tó gbọ́ èdè méjì, tó sì ń ṣi méjèèjì sọ. Fóòmaànù ní kò burú, òun gbọ́ ẹyọ kan péré, òun sì ń ṣì í sọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Màmá Òǹkà kọ lúùpù kan. Kò sí ìdí, ọwọ́ rẹ̀ kàn ń yun ún ni. Ó fi ránṣẹ́. Èsì Ọ̀gá Kékeré dé, kò sí ẹ jọ̀ọ́, kò sí ẹ má bínú, kò sí àìmọ̀kan tèmi. Ohun tó wà níbẹ̀ ni: “Èyí ò dáa. Ẹ tún un ṣe.”

Màmá Òǹkà kà á. Ó tún un kà. Ó dìde, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ó ṣí ilẹ̀kùn ọ̀gá rẹ̀.

“Ta lo kọ eléyìí sí?”

Ọ̀gá Kékeré ti fò dìde, orúnkún rẹ̀ ti ń tẹ̀. “Ẹ̀yin lẹ ní kí n gé e kúrú mà. Ẹ ní kí n ṣe bí ẹni pé mi ò mọ̀ yín rí.”

“Mo sọ bẹ́ẹ̀.”

“Ṣé ohun tí mo sọ ò tọ̀nà ni mà?”

“Ó tọ̀nà. Lúùpù náà ò dáa, màá tún un ṣe báyìí báyìí.” Màmá Òǹkà di ilẹ̀kùn mú, ó ń wá bó ṣe máa sọ ọ́. “Ṣùgbọ́n fi ‘mà’ kan sí i. Ẹyọ kan péré.”